Ṣépà

Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ náà sára ògiri wa kò fi àmì ohùn sí i. Ká ní ó fi sí i ni, bóyá ariwo tí mo pa láàárọ̀ ọjọ́ náà ì bá dín kù díẹ̀. Èédú ló fi kọ ọ́, gàdàgbà-gàdàgbà, láàrin fèrèsé yàrá wa àti ilẹ̀kùn ibi tí mo ti ń ránṣọ: SEPA.

Ọmọ Ìlárò ni mí, Àṣìkẹ́ ni wọ́n ń pè mí. Ọkọ mi Jibril ló mú mi wá sí Òkè-Ìṣápá, abúlé kan lójú ọ̀nà tó ti Ayétòrò lọ sí Ìmẹ̀kọ. Níbi tí wọ́n ti bí mi, bí ẹnikẹ́ni bá kọ irú nǹkan báyìí sára ilé èèyàn, ohun tí a ó kà níbẹ̀ ni "ṣe é pa". Ìyẹn ni pé ẹni tó ń gbé inú ilé yìí, ó ṣe é pa. Ẹ̀rù kọ́kọ́ bà mí. Lẹ́yìn náà ni inú bí mi. Bí mo ṣe rí nìyẹn, ẹ̀rù kì í pẹ́ lára mi kó tó di ìbínú.

Jibril ti wà nídìí ògiri. Ó bu omi sínú korobá, ó ń fi kànìnkànìn fọ èédú náà, kò sì wo ojú mi. Ìyẹn ló kọ́kọ́ jẹ́ kí ara fu mí. Ọkùnrin tí wọ́n ní ó ṣe é pa, ṣé ó yẹ kó máa fọ ògiri wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ẹni tó ń fọ abọ́ oúnjẹ?

"Bàbá Jẹ̀mílátù, ta ló kọ eléyìí?"

"Bóyá àwọn ọmọdé ni."

"Ọmọdé wo ló ga tó fèrèsé?"

Ó ti kànìnkànìn bọ omi, ó tún ń fọ̀ ọ́ lọ.

Mo so ìró mi le dáadáa, mo bọ́ sójú ọ̀nà, mo sì jẹ́ kí gbogbo àdúgbò mọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ pa ọkọ mi kó yọjú kí n rí i. Àwọn tó ń lọ sóko gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Kò sí ẹni tó ní kí ló dé. Nígbà mìíràn, bí mo bá fẹsẹ̀ kọ lásán lójú ọ̀nà yẹn, wọ́n á ti pé lé mi lórí, wọ́n á máa kí mi kú ewu. Ìyá Habeebah, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa, jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà. Òun ló wá bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó, rọra. Kò sẹ́ni tó fẹ́ pa á. Kì í ṣe 'ṣe é pa' ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ṣépà ni."

"Kí ló ń jẹ́ ṣépà?"

Ó dákẹ́ ẹ̀rín. Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Ọkọ ẹ ò sọ fún ẹ? Látìgbà tí o ti ń bá wa gbé níbí? Lọ bi í."

Mo lọ bi í. Ó ní ọ̀rọ̀ àwọn ará ìgbà ijọ́un ni, pé kò nítumọ̀. Ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀, ẹnìkan sì jí ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, ó wá èédú, ó wá kọ ọ́ sára ilé wa!

Kó lè yé yín ìdí tí ọkàn mi kò fi balẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ bí nǹkan ṣe rí nígbà náà. Ọdún 2019 ni. Wọ́n ti ti bọ́dà pa láti oṣù kẹjọ, ṣọ́jà àti kọ́sítọ́ọ̀mù sì kún ojú ọ̀nà Ìmẹ̀kọ bí ẹni pé ogun fẹ́ bẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n tún ní kí ẹnikẹ́ni má gbé epo bẹntiróòlù wá sí àwọn ilé epo tó sún mọ́ bọ́dà mọ́. Òkirikà ni òwò àwọn obìnrin Òkè-Ìṣápá, aṣọ àlòkù tó ń ti Kútọnu wá ní bẹ́ẹ̀lì-bẹ́ẹ̀lì. Iṣẹ́ tèmi ni kí n bá wọn tún un rán. Mo lè sọ ẹ̀wù òyìnbó sísanra kan di ẹ̀wù ọmọ iléèwé méjì, kí ẹ má sì rí ojú ibi tí mo ti gé e.

Kí ọ̀nà tó le tán, àwọn obìnrin yìí ti jọ ra bẹ́ẹ̀lì sílẹ̀, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ di ìgbà tí wọn yóò ṣí bọ́dà. Olórí wọn, Màmá Ẹ̀ríolúwa, ló wá ibi tí wọ́n kó o sí, Jibril ọkọ mi ló sì fi ọkọ̀ rẹ̀ kó o débẹ̀. Àwọn méjèèjì nìkan ló mọ ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ni ẹrù fúnra wọn ṣe fẹ́ ẹ, kí ẹnikẹ́ni má baà rí nǹkan jẹ́wọ́ bí wọ́n bá mú un. Èmi tí mo jẹ́ ìyàwó Jibril kò mọ̀ ọ́n. Mo bi í léèrè lẹ́ẹ̀kan, ó ní kí n jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọkọ̀ kọ́sítọ́ọ̀mù dé. Wọn kò yà sílé kankan, wọn kò béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ọmọdé, wọn kò béèrè lọ́wọ́ àgbà. Wọ́n gba ẹ̀yìn ọjà, wọ́n já kọ́kọ́rọ́ ilé àtijọ́ tí wọ́n máa ń kó kòkó sí, wọ́n sì kó bẹ́ẹ̀lì gbogbo lọ. Mo gbọ́ igbe àwọn obìnrin náà láti ìdí máṣíìnì mi. Màmá Ẹ̀ríolúwa kò lè tú ara rẹ̀ fó fún kọ́sítọ́ọ̀mù, torí bẹ́ẹ̀lì tirẹ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Lójú wọn, ẹnìkan ṣoṣo ló kù.

Láti ọjọ́ náà ni wọn kò ti kí wa dáadáa mọ́. Mo kà á sí ìbànújẹ́. Mo tiẹ̀ ń bá wọn sunkún. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, Ọlọ́run ṣàánú ẹ̀gbọ́n mi Rájí, tó ń fi ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ gbé èrò láàrin Ìlárò àti Ayétòrò. Àwọn agbófinró ti gba ọkọ̀ rẹ̀ nítorí kẹ́ẹ̀gì òróró tí wọ́n bá lẹ́yìn ọkọ̀, a ti rò pé ó ti lọ nìyẹn, àfi bí wọ́n ṣe dá a padà fún un lójijì. Mo din àkàrà, mo fi ṣe sàráà, mo pín in yí àdúgbò ká kí wọ́n lè bá mi dúpẹ́. Wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n sì ṣe àmín.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí mo fi jí rí èédú lára ògiri.

Nígbà tí Jibril kò fẹ́ sọ̀rọ̀, mo gba ọ̀dọ̀ Bàbá Ọ̀ṣunníyì lọ. Bàbá náà ti dàgbà, apẹ̀rẹ̀ ló máa ń hun lọ́ọ̀dẹ̀ rẹ̀, kì í sì í pa irọ́ mọ́ nítorí ó ní agbára rẹ̀ ti tán. Mo kúnlẹ̀ kí i. Mo ní mo fẹ́ mọ ohun tó ń jẹ́ ṣépà.

"Ọ̀rọ̀ Faransé ni," ó ní.

"Faransé kẹ̀, Bàbá?"

"Jókòó. Lọ́dún 1984, bóyá wọn ò tíì bí ẹ, àwọn ológun tó ń ṣèjọba nígbà yẹn náà ti bọ́dà yìí pa. Àwa ò sì lè káwọ́ gbera kí ebi máa pa wá. À ń gbé gààrí gba inú igbó lọ sí Kétu lódìkejì bọ́dà, à ń gbé aṣọ bọ̀. Bí ṣọ́jà bá mú ẹ, ohun tó máa kọ́kọ́ bi ẹ́ ni pé, ta ló ni ẹrù, àwọn wo lẹ jọ ń bọ̀? Tí o bá fi lè fọ Yorùbá báyìí, ó ti mọ̀ pé ọmọ ibí ni ẹ́, ó máa nà ẹ́ títí o fi máa dárúkọ èkejì ẹ. Tíṣà kan láti Kétu ló kọ́ wa lọ́gbọ́n. Ó ní ká máa dáhùn pé 'ṣé pà'. Bí àwọn Faransé ṣe ń sọ pé àwọn ò mọ̀ nìyẹn. Bí ṣọ́jà bá ti gbọ́ ọ, á rò pé ará òdìkejì tí kò gbédè ni ẹ́, á ní kí o máa padà sí ìlú ẹ. Wàá sì padà lóòótọ́. Wàá tún wá gba ibòmíràn wọlé."

Ẹ̀rín pa Bàbá. Ó fi apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀.

"Gbogbo abúlé ló kọ́ ọ. Àwọn ìyá arúgbó tí kò mọ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo ń sọ Faransé! A tún kọ́ bí àwọn ará òdìkejì ṣe máa ń gbé èjìká sókè tí wọ́n bá ń sọ ọ́. Ṣé pà. Wọ́n á gbé èjìká báyìí."

"Kí ló wá sọ ọ́ di èébú, Bàbá?"

Ó wò mí bíi pé ó fẹ́ mọ̀ bóyá mo ń dọ́gbọ́n bi í ni. "Bàbá ọkọ ẹ ni."

Mi ò bá bàbá Jibril láyé. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ ni pé Bàrúwà ni orúkọ rẹ̀, ó sì kọ́ ilé tí à ń gbé. Bàbá Ọ̀ṣunníyì sọ fún mi pé lọ́jọ́ kan, ṣọ́jà lé wọn nínú igbó, kálukú sì já ẹrù sílẹ̀, ó sá. Bàrúwà nìkan ni kò sá, ó ní òun á ṣọ́ ẹrù. Nígbà tí ó máa fi wọlé, òun nìkan ló dé, kò gbé nǹkan kan dání. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, àwọn tó ni ẹrù dúró dè é níwájú mọ́ṣáláṣí. Wọ́n ní, Bàrúwà, ẹrù wa ńkọ́?

"Ó gbé èjìká sókè," Bàbá Ọ̀ṣunníyì ní. "Ó ní, 'Ṣé pà.' A kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, a rò pé ó ń bá wa ṣàwàdà ni. A tún bi í. Ó tún sọ ọ́. Ìgbà yẹn la wá mọ̀ pé kò ṣàwàdà. Ojú tí a jọ kọ́ láti máa fi wo ṣọ́jà, òun ló gbé wá sílé tó fi wò wá. Ohun tó dùn wá nìyẹn, ó dùn wá ju ẹrù lọ."

"Òpùrọ́ ni ìtumọ̀ rẹ̀ nígbà náà."

"Rárá o. Ta ni kì í ṣe òpùrọ́ nínú wa? Gbogbo wa la purọ́ fún ṣọ́jà. Ẹni tó bá ń ṣe ará ilé ẹ̀ bí ẹni ń ṣe ṣọ́jà, òun ni ṣépà."

"Ṣé Bàrúwà ló kó ẹrù náà lóòótọ́?"

Bàbá gbé èjìká sókè. "Ọmọ mi, títí dòní, mi ò mọ̀." Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ohun tí òun fi èjìká òun ṣe, ló bá tún bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò lè bá a rẹ́rìn-ín.

Bí mo ṣe ń bọ̀ wálé, ìbínú mi ti yí ibi tó kọjú sí padà. Láàárọ̀, àwọn ará abúlé ni mo ń fura sí. Ní báyìí, ọkọ mi ni. Ó mọ ibi tí ẹrù wà. Ó mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ, ó sì wo ojú mi sùn-ùn, ó ní kò nítumọ̀. Mo jókòó sídìí máṣíìnì, àmọ́ èjìká Jibril ni mò ń wò. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Mò ń ṣọ́ ọ bóyá yóò gbé e sókè. Bí ó bá na ọwọ́ mú ife, àyà mi á já. Ọkùnrin tí mo ti fẹ́ láti ìgbà tí mo wà lọ́mọ iṣẹ́ aránṣọ, mo ń wò ó bí ẹni ń wo àjèjì tó wá yá iná.

Nígbà tó yá, fóònù rẹ̀ dún. Ó wo ojú rẹ̀, ó wò mí, ó sì dìde lọ sẹ́yìn balùwẹ̀. Jibril tí ó máa ń pariwo lórí fóònù débi pé Ìyá Habeebah máa ń bá a dá sí i láti òdìkejì ọ̀nà! Mo bọ́ bàtà, mo tẹ̀ lé e.

Ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. "Má tíì wá. Má fẹsẹ̀ kan ibí rárá lásìkò yìí. Mo ní wọ́n ń fura. Rárá, mi ò tíì sọ ọ́, mi ò sì ní sọ ọ́."

Mo ti gbọ́ ohun tí mo fẹ́ gbọ́. Kọ́sítọ́ọ̀mù ni, mo sọ lọ́kàn mi, òun àti ẹni tó tà wá fún ni. Mo yọ sí i lójijì, mo sì já fóònù gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wo orúkọ tó wà lójú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Rájí.

"Hẹ́lóò? Jibril?" Ohùn ẹ̀gbọ́n mi ni, ohùn tí mo mọ̀ láti ìgbà tó ti ń pọ̀n mí. "Jọ̀ọ́, má jẹ́ kí Àṣìkẹ́ gbọ́ sí i."

Mo pa fóònù náà. Mi ò lè sọ bí ó ṣe rí lára mi. Mo jókòó sórí òkúta tí a máa ń fọṣọ lé.

Jibril kúnlẹ̀ tì mí. Ó wá sọ gbogbo rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n kó bẹ́ẹ̀lì tó kẹ́yìn, kò sí epo nínú ọkọ̀ rẹ̀, kò sì rí rà títí dé Ayétòrò. Rájí wá kí wa lọ́jọ́ náà, epo wà nínú tirẹ̀, ni ó bá ràn án lọ́wọ́. Ọkọ̀ Rájí ló gbé ìyókù lọ sí ilé kòkó. Jibril kò sọ fún Màmá Ẹ̀ríolúwa, ó kà á sí pé ẹbí ni. Nígbà tí wọ́n gba ọkọ̀ Rájí tí gbogbo ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ kò sì ràn án, ó wá ohun tí òun lè fi rà á padà. Ó sọ ibi tí bẹ́ẹ̀lì wà fún wọn.

"O ti mọ̀ láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ tí wọ́n ti já kọ́kọ́rọ́ yẹn. Mo pè é, ó sì jẹ́wọ́. Ó ń sunkún."

"O jẹ́ kí n din àkàrà."

"Kí ni mo fẹ́ sọ, Àṣìkẹ́? Ẹ̀gbọ́n ẹ ni. Tí wọ́n bá gbọ́ pé ọ̀dọ̀ ẹ ló ti wá, o ò lè gbé abúlé yìí mọ́. Èmi, ọmọ ṣépà ni wọ́n ti ń pè mí láti kékeré. Tí wọ́n bá tún fi kún un, ó ti mọ́ mi lára."

Ìgbà yẹn ni mo sunkún. Inú bí mi sí i, mo sì nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo fẹ́ gbá a létí, mo fẹ́ dì mọ́ ọn. Èmi tí mo fi gbogbo ọ̀sán ṣọ́ èjìká ọkùnrin yìí.

A kò tíì kúrò níbẹ̀ tí àwọn obìnrin fi wọ àgbàlá wa. Gbogbo wọn ló wá, pẹ̀lú Ìyá Habeebah. Màmá Ẹ̀ríolúwa ló ṣíwájú. Ó ti rù, ọrùn rẹ̀ ti yọ eegun. Jibril gbé àga fún un, kò jókòó.

"Jibril, a ò wá bi ẹ́ ní nǹkan kan," ó ní. "Ọmọ Bàrúwà ni ẹ́, a ti mọ ohun tó máa ti ẹnu ẹ jáde. Ìyàwó ẹ la wá bá. Àṣìkẹ́, ìwọ kì í ṣe ará ibí, kò sí ẹ̀jẹ̀ ìdílé yìí lára ẹ. Nígbà tí o dé, àwa la kẹ́ ẹ. Àwa la gbé iṣẹ́ fún ẹ tí o fi di ọ̀gá. Sọ òótọ́ fún wa. Ṣé ọkọ ẹ ló tú wa fó? Tó bá jẹ́ òun ni, kó máa lọ. A ò ní lù ú. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa tà fún un ní Òkè-Ìṣápá mọ́, kò sẹ́ni tó máa kí i, kò sì sẹ́ni tó máa bá a sin òkú."

Jibril ń wò mí. Ó mi orí díẹ̀, pé kí n má ṣe é. Mo mọ ohun tó fẹ́ kí n sọ. Ọ̀rọ̀ kékeré ni, pé mi ò mọ̀, Faransé rẹ̀ kò tiẹ̀ gùn tó èémí kan. Wọn yóò gbà mí gbọ́. Èmi yóò jókòó sídìí máṣíìnì mi, òun yóò sì gba ọ̀nà Ayétòrò lọ pẹ̀lú orúkọ bàbá rẹ̀ lọ́rùn.

"Kì í ṣe òun," mo ní. "Rájí ni. Ẹ̀gbọ́n mi. Ọkọ̀ rẹ̀ ni wọ́n fi gbé bẹ́ẹ̀lì tó kẹ́yìn, ó sì fi ilé kòkó gba ọkọ̀ náà padà lọ́wọ́ wọn. Ọkọ mi mọ̀, ó dákẹ́ nítorí mi."

Mo rò pé Màmá Ẹ̀ríolúwa yóò bú sẹ́kún, tàbí kó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó kàn ń wò mí ni.

"Ìgbà wo ni o mọ̀?"

"Ọ̀sán yìí, Màmá. Kò tíì pẹ́ rárá."

"Ọ̀sán yìí." Ó yíjú sí àwọn tó kù. "Ẹ gbọ́? Ọ̀sán yìí ni. Àkàrà tó pín fún wa nítorí pé ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ jáde ńkọ́? A jẹ ẹ́ o. A tún ní àmín."

"Màmá, mi ò mọ̀ nígbà náà! Ọlọ́run ló mọ̀—"

Bí mo ṣe sọ "mi ò mọ̀" yẹn, mo rí i lójú wọn pé ṣé pà ni wọ́n gbọ́. Ìyá Habeebah kàn yínmú ni. Mo búra. Mo fi ọmọ mi búra, Jibril náà búra, ohùn rẹ̀ sì lọ sókè bó ṣe máa ń ṣe. Wọ́n gba tirẹ̀ gbọ́. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nìyẹn. Wọ́n gbà pé Jibril kò sọ fún kọ́sítọ́ọ̀mù, wọ́n gbà pé ó dákẹ́ nítorí aya rẹ̀, Màmá Ẹ̀ríolúwa tiẹ̀ fọwọ́ kàn án léjìká, ó ní, "Fi orí jì wá, Jibril." Ọmọ ṣépà kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́ láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Ní tèmi, wọ́n ní mo ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní mo di òótọ́ mọ́ra, mo bá wọn sunkún, mo fún wọn ní àkàrà jẹ lé e lórí, àfi ìgbà tí iná fẹ́ jó ilé tèmi ni mo tó ta ọmọ ìyá mi. Mo ti rò ó títí, mi ò rí ibi tí mo ti lè fi hàn wọ́n pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ká ní èmi ni mo jókòó síbi tí wọ́n jókòó sí, bóyá èmi náà kò ní gbà á gbọ́.

Rájí kì í gbé ìpè mi mọ́. Ìyá wa ní Ìlárò ránṣẹ́ pé kí n má wulẹ̀ wá sílé fún Iléyá, pé òun kò mọ irú ojú tí òun máa fi wò mí. Wọ́n ti ṣí bọ́dà ní tiwọn, òkirikà ti tún ń wọlé díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n Ayétòrò ni àwọn obìnrin ń gbé e lọ báyìí fún àtúnrán. Wọ́n máa ń dá Jibril dúró lójú ọ̀nà, wọ́n á bá a tàkúrọ̀sọ. Bí mo bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n á kí mi, wọn kò jẹ́ fi ìkíni dù mí. Àmọ́ mo mọ ìkíni tí wọ́n ń kí mi. Mo máa ń rí i tí wọ́n ń kí àwọn ọlọ́pàá bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ kan ni mo tún yà lọ́dọ̀ Bàbá Ọ̀ṣunníyì, torí mo ti ń gbọ́ orúkọ mi lójú ọ̀nà omi lọ́nà tí kò yé mi. Mo ní, Bàbá, kí ni wọ́n ń fi orúkọ mi ṣe? Ó gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní ẹni tó bá mọ òótọ́ tó fi pamọ́, tó jẹ́ pé àfi ìgbà tó bá kàn án ló máa tú ọmọ ìyá ẹ̀ fó, òun ni wọ́n ń pè ní Àṣìkẹ́. Ó ní wọ́n tiẹ̀ ti tú u palẹ̀ bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń rí: à-ṣì-kẹ́, ẹni tí a ṣì kẹ́.

Ìyá ìyá mi ló fi orúkọ náà kì mí. Ìkẹ́ ló ní lọ́kàn. Kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀.

Lánàá, mo jókòó sídìí máṣíìnì, mi ò ní iṣẹ́ lọ́wọ́, mò ń fi òróró sí i lásán. Àwọn ọmọdé ń ṣeré lẹ́yìn fèrèsé. Mo gbọ́ tí ọ̀kan pariwo, "Àṣìkẹ́! Ìwọ Àṣìkẹ́!"

Mo dìde. Inú mi dùn, mo rò pé ẹnìkan rán an sí mi, bóyá aṣọ ló gbé wá. Mo yọjú lójú fèrèsé, mo ní, "Ẹ̀ẹ́n, èmi nìyí."

Wọ́n yíjú wò mí. Ọmọkùnrin kékeré kan dúró láàrin wọn tó ń sunkún, ó ń nu ojú rẹ̀, àwọn tó kù sì na ìka sí i. Òun ni wọ́n ń pè.